Pátákó Ìpolówó Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Kíkà àti Àìkà, 1994 sí 2010

Ìfáárà

Ohùn ni a fi ń mọ ìpolówó láwùjọ Yorùbá. Ẹni tí ó gbé igbá ẹ̀kọ jáde tí kò lanu, ọjà rẹ̀ ni yóò gbé padà sílé. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ka ìpolówó ọjà mọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Pátákó ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ohùn ní tirẹ̀. Àwòrán tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ ni, tí wọ́n gbé sí òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ ojú-ewé, tí ó jẹ́ pé bí òǹkàwé bá tẹ̀ ẹ́, yóò bá ara rẹ̀ ní ìkànnì ẹni tí ó ń polówó. Iṣẹ́ yìí tọpinpin bí irú pátákó bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bí àwọn tí ó ní ìkànnì kékeré ṣe fi í pe èrò, àti ìdí tí iye rẹ̀ fi já wálẹ̀. Èrò tí ó dì mú ni pé àǹfààní tí ó gbé pátákó yìí ga ju ìpolówó inú ìwé ìròyìn lọ, èyí ni pé ó ṣeé ṣe láti ka iye ènìyàn tí ó tẹ̀ ẹ́, òun náà gan-an ni ó tú u láṣìírí.

Bí Pátákó Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọjà níbẹ̀rẹ̀. National Science Foundation, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń gbọ́ bùkátà òpó rẹ̀ tí ó tóbi jù, ṣòfin pé ìwádìí àti ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n máa fi òpó náà ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni òfin yìí ń dẹ̀, títí àjọ náà fi ká òpó rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1995, tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì gba iṣẹ́ náà ṣe.

Kí èyí tó parí ni àwọn tí ó ni ìwé ìròyìn Wired ní San Francisco ti ṣí ìkànnì HotWired, ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, ọdún 1994. Wọ́n ní òǹkọ̀wé tí wọn yóò sanwó fún, òǹkàwé kò sì san kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ nínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni wọ́n ṣe: wọ́n ta àyè. AT&T san 30,000 dọ́là fún oṣù mẹ́ta; Volvo àti Club Med náà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ra àyè. Pátákó AT&T kò dárúkọ ọjà kankan. Ó kàn bi òǹkàwé bóyá ó ti tẹ ibẹ̀ rí, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ yóò rí ọ̀nà tí yóò fi wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà méje káàkiri àgbáyé láti ibi tí ó jókòó sí. Iye tí a ń tún sọ títí di òní ni pé nínú ènìyàn 100 tí ó rí i, 44 ni ó tẹ̀ ẹ́. Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ilẹ̀kùn tí ènìyàn kò rí irú rẹ̀ rí, yóò tì í wò. Àwọn tí ó fi 44 yìí tajà lẹ́yìn náà kì í fi èyí kún un.

Ní 1996, àwọn olùpolówó fẹnu kò lórí ìwọ̀n, píksẹ́ẹ̀lì 468 ní gígùn àti 60 ní gíga, kí pátákó kan lè bá ojú-ewé gbogbo mu. Ṣùgbọ́n ohun tí Procter & Gamble ṣe lọ́dún kan náà ṣe pàtàkì jùyẹn lọ. Ilé-iṣẹ́ aṣọṣẹ yìí sọ fún Yahoo pé iye ènìyàn tí ó bá tẹ pátákó òun ni òun yóò sanwó lé lórí, kì í ṣe iye tí ó kàn rí i. Nínú ìwé ìròyìn, olùpolówó a sanwó tán kí ó tó mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wo ohun tí ó gbé síbẹ̀. Àdéhùn tuntun yìí yí ẹrù náà sórí ẹni tí ó ni ojú-ewé: bí pátákó bá burẹ́wà, tí kò sì wu ẹnikẹ́ni láti tẹ̀, òun tí kò yà á ni yóò pàdánù.

Àáró Àwọn Oníkànnì Kékeré

Ẹni tí ó dá kọ ìkànnì nínú yàrá rẹ̀ kò ní 30,000 dọ́là. Nítorí irú wọn ni LinkExchange, tí Tony Hsieh àti Sanjay Madan dá sílẹ̀ ní 1996, fi rí ọmọ ẹgbẹ́ púpọ̀. Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ yóò gba pátákó àwọn ẹlòmíràn sí ojú-ewé rẹ̀. Bí pátákó ẹlòmíràn bá ti hàn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pátákó tirẹ̀ yóò hàn lẹ́ẹ̀kan níbòmíràn. Àgbẹ̀ Yorùbá yóò rí àáró nínú èyí, kò sì ní jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àáró, ọjọ́ kan ni ọjọ́ kan. Ẹni tí mo bá ro oko lónìí ni yóò bá mi ro tèmi lọ́la ni àdéhùn, kò sí ẹni tí ó dúró sí aala oko tí ó ń gba ìdajì. LinkExchange ni ó ni ìdajì yòókù, ó sì ń tà á fún àwọn tí ó lówó. Síbẹ̀ èrò wọ́ tọ̀ ọ́, nítorí ẹni tí ó ní òǹkàwé ogún lóòjọ́ kò ní ohun mìíràn tí ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ní 1998, Microsoft ra ilé-iṣẹ́ náà ní 265 mílíọ̀nù dọ́là. Jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kò fún àwọn tí ojú-ewé wọn gbé pátákó wọ̀nyí ní ìpín nínú owó náà.

Nígbà tí Ojú Kọ̀ ọ́

Lọ́dún 1998 kan náà, Jan Benway àti David Lane ní Yunifásítì Rice gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wá nǹkan kan lórí ìkànnì, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n ń wá sínú àpótí ńlá aláràbarà tí ó jọ pátákó ìpolówó. Púpọ̀ nínú wọn fojú fò ó, wọ́n lọ ń wá a láàrin ọ̀rọ̀ lásán nísàlẹ̀. Ojú ti kọ́ láti má rí ohunkóhun tí ó bá jọ ìpolówó. Iṣẹ́ méjì ni “kà” ń ṣe nínú èdè Yorùbá, a sì lè lo méjèèjì níbí: olùpolówó ń ka òǹkàwé, òǹkàwé kò ka pátákó. Nígbà tí yóò fi di 2000, àwọn tí ó ń tẹ pátákó kò tó ẹnì kan nínú 100.

Bí iye náà ṣe ń wálẹ̀, àwọn oníṣòwò gbà pé ó yẹ kí àwọn túbọ̀ mọ ẹni tí ń wo pátákó. Irinṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Lou Montulli ti ṣe cookie ní Netscape ní 1994, kí ìkànnì lè rántí ohun tí àlejò rẹ̀ ti ṣà sínú agbọ̀n ìrajà. DoubleClick, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, lo irinṣẹ́ yìí láti dá kọ̀ǹpútà kan náà mọ̀ ní gbogbo ìkànnì tí ó gbé pátákó rẹ̀. Ní 1999, ó ra Abacus Direct, ilé-iṣẹ́ tí ó ní àkọsílẹ̀ orúkọ, àdírẹ́sì àti ohun tí àwọn ènìyàn ti rà. Ó fẹ́ so orúkọ mọ́ ìrìn wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ariwo ta, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ilé-iṣẹ́ náà sì dá ètò yìí dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2000.

Oṣù yẹn náà ni ọjà ìpín Nasdaq bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ra pátákó jẹ́ ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń ná owó olówó. Bí wọ́n ṣe ń kógbá wọlé ni àyè ń ṣófo. Owó tí ó wọlé fún Yahoo lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là ní 2000. Ní 2001, ó kù sí mílíọ̀nù 717. Google ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ AdWords ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lásán, láìsí àwòrán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ béèrè. Ilé-iṣẹ́ tí ó fi ọ̀rọ̀ lásán borí yìí kan náà ni ó gbà láti ra DoubleClick ní 3.1 bílíọ̀nù dọ́là ní 2007, tí rírà náà sì parí ní 2008.

Ní ti àwọn oníkànnì kékeré, AdSense tí Google ṣí ní 2003 mú owó gidi dé ọ̀dọ̀ wọn. Kì í ṣe ìfihàn ni wọ́n ń gbà mọ́, owó ni, bí òǹkàwé wọn bá ti tẹ ìpolówó. Ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọdún méje, Google kò sọ fún wọn ìdá tí ó ń fún wọn nínú ohun tí olùpolówó san. Oṣù Karùn-ún ọdún 2010 ni ó tó kéde pé 68 nínú 100 ni. Nínú LinkExchange, ìdajì ni, ọmọ ẹgbẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọlé.