Bí Èkìtì Ṣe Di Ọ̀kan, àti Àwọn Tí Ó Fi Sẹ́yìn Odi

Ọmọ Èkìtì tó bá ń fi ìpínlẹ̀ rẹ̀ yangàn kì í pẹ́ kó tó sọ pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wá, ohùn kan náà la sì ń fọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan yẹn kò bá ilẹ̀ wáyé. Ogun ló dá a sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọba ló sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe kọ́ ọ ni yóò mọ ẹni tí a kọ́ ọ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti Adó. Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni pé kì í ṣe Èwí, ọba Adó, ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Àwọn ará Ìlẹ́sùn ló wà níbẹ̀, Ẹlẹ́sùn ni olórí wọn, kí Èwí Awamaro àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tó ti ọ̀nà Ìbíní dé, tí wọ́n ṣẹ́gun Ẹlẹ́sùn tí wọ́n sì gba ilẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́ tó múlé gbe Adó, Olúkẹ́rẹ́, olórí àwọn onílẹ̀, ti wà kí Ògògà, ọba ibẹ̀, tó dé. Títí di òní, Olúkẹ́rẹ́ ló ń ṣe olórí ọdún Ọlọ́sùnta, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ni adé kò sì tíì parí láàárín ìhà méjèèjì. Ní ìlú wa méjèèjì yìí, àlejò ló di ọba, onílẹ̀ sì di ará àdúgbò.

Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ará Adó ni ará Adó, ará Ìjerò ni ará Ìjerò. Ìlú ẹni ni orílẹ̀-èdè ẹni. A tún máa ń kó ara wa lẹ́rú. Àdùlójú jẹ́ ògbóǹtarìgì jagunjagun Adó ní ọ̀rúndún 19. Ogun rẹ̀ dé ìlú àwọn aládùúgbò rẹ̀. A kì í fẹ́ sọ èyí nígbà tí a bá ń kọrin akọni, mo sì rò pé ó yẹ ká sọ ọ́.

Ohun tó sọ àwọn ìlú wọ̀nyí di Èkìtì kan ni àjàgà Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní 1840, agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ wá sí ìlà-oòrùn. Ó fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú rẹ̀, sí ìlú kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn ajẹ́lẹ̀ sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń gba ọmọ àti aya onílé. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀, ni ilẹ̀ bá gbiná. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé Iléṣà di olórí ogun, wọ́n sì dojú kọ Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ìbàdàn, láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Ogun Kírìjí nìyẹn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ Èkìtì-Parapọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun. Àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín àgọ́ méjèèjì títí àdéhùn fi fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Isaac Babamuboni, ọmọ Adó tí ogun kó lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn, padà sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ Kírísítì tó rí níbẹ̀. Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884 ni àwọn ọmọ ìjọ ń kà, ohùn Ọ̀yọ́, tí ará Ìbàdàn ń fọ̀, ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Báyìí ni ọmọ Èkìtì ṣe fi ohùn àwọn tó mú bàbá rẹ̀ lẹ́rú kọ́ ìwé. Ìwé náà ṣe wá láǹfààní tí kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ó fi ìtìjú lé wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá pe ilé ní "ulé", tó pe iṣu ní "uṣu", olùkọ́ á nà án. Ní Èkó, wọ́n á máa pè é ní ará òkè, wọ́n á máa sín ohùn rẹ̀ jẹ. Mo mọ àwọn ìyá tó pinnu pé ọmọ wọn kò ní fọ Èkìtì nílé, nítorí ohun tí ojú wọn rí nílùú ńlá. Ìrora yẹn kò tíì kúrò.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Adó ṣe olú-ìlú Ẹkùn Èkìtì ní 1913. Ní 1933, ilé ẹ̀kọ́ Christ's School bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àlùfáà Dallimore, ọmọ Ìkọ̀lé àti ọmọ Ìjerò sì jókòó sórí àga kan náà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó dé ní 1976, Èkìtì sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996, Èkìtì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì kó ẹrù wọn kúrò ní Àkúrẹ́, olú-ìlú Oǹdó, ìlú tí àwọn míì nínú wọn ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ. Láti òru mọ́jú, wọ́n ti di àlejò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kọ́ ilé ìṣọ̀kan yìí, àwọn mìíràn ń wọlé. Kòkó pọ̀, àwọn ọmọ wa sì lọ sí ilé ìwé, ni àwọn Ẹbira láti Òkénè ní Kogí bá wá ṣiṣẹ́ oko. Wọ́n tẹ̀dó sí abà, wọ́n gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ tí ìlú ń jẹ. Ọmọ wọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ń fọ Èkìtì ju ọmọ Adó tó dàgbà ní Èkó lọ. Síbẹ̀, ní ọjà, "kòbókòbó" ni wọ́n ń pè é. Ẹnu tí wọ́n fi pe ìyá wa ní ará òkè ni a fi ń pe ìyá tiwọn.

Ọ̀rọ̀ Fúlàní le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2016, lẹ́yìn tí wọ́n pa ènìyàn ní Òkè-Àkò, ìjọba gómìnà Fáyọ̀ṣe ṣe òfin tó fi ààlà sí dída ẹran jẹko. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti ìlú Èsùn. Ọba ni wọ́n pa! Ìbínú wa tọ́, òfin dídaran náà sì tọ́ lójú mi, nítorí oko tí màlúù bá jẹ kò ṣeé tún gbìn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni kí a máa fi ìbínú yẹn kí ìyá tó ń ta wàrà, tó ti ń kiri láàárín wa láti ìgbà tí kò tíì sí agbébọn kankan nínú igbó.

Òfin fúnra rẹ̀ ń ran ìyàsọ́tọ̀ lọ́wọ́. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rẹ́ni jẹ nítorí ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n Abala 318 ní ẹni tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀, tàbí òbí-àgbà rẹ̀ kan, jẹ́ ọmọ àwùjọ onílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá fi abala yìí wọn Awamaro, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò ní rí ìwé ọmọ onílùú gbà. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, owó ilé ìwé ọmọ onílùú àti ti àlejò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń fúnni ní ìwé ọmọ onílùú. Ọmọ Ẹbira tí wọ́n bí ní abà lẹ́bàá Ìkẹ́rẹ́, tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Kogí lọ wá ìwé yẹn, ní ìlú tí ó lè má tíì dé rí.