Ọ́síjìn Lójú Egbò: Ìtàn Ìwòsàn Kan àti Ìdájọ́ Mẹ́ta Tí A Dá Lórí Rẹ̀

1. Ìfáárà



Èdè Yorùbá ya ọgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára egbò. Ọgbẹ́ ni ojú ibi tí ọ̀bẹ tàbí àdá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, a sì máa ń retí pé yóò jiná láìpẹ́. Egbò ni èyí tí ó ti pẹ́ lára, tí a ń fọ̀ lójoojúmọ́ tí kò san. Egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ìtàn ọ̀nà kan tí àwọn oníṣègùn ti ń gbà láti wò ó láti 1969, ìyẹn ni fífẹ́ ọ́síjìn sí ojú egbò náà tààrà.

Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Òpìtàn ni mí. Ohun tí ó fà mí sí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìgbà mẹ́ta ni a ti dá ẹjọ́ ìwòsàn yìí, ìdájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bá ara wọn mu. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe ọ́síjìn ni ó yí padà. Ọ̀nà tí a gbà gbọ́ ẹjọ́ náà ni ó yí padà. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ sì ni, nítorí pé egbò tí ó kọ̀ tí kò jiná ni ó máa ń ṣáájú gígé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ.

2. Ìdí tí egbò alátọ̀gbẹ kì í fi í tètè jiná

Ohun mẹ́ta ni ó máa ń parapọ̀ bá ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ jà. Èkíní ni pé ṣúgà tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa ba àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, débi pé ènìyàn lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, tàbí kí bàtà ha á lẹ́sẹ̀ títí ara yóò fi bó, kí ó má sì mọ̀. Èkejì ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ẹsẹ̀ a máa dí, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní í dé ibẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹ̀kẹta ni pé agbára ara láti bá kòkòrò àrùn jà a máa dín kù.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń lo ọ́síjìn láti ṣe oró tí ó fi ń pa kòkòrò àrùn. Ara sì nílò rẹ̀ láti hun kọ́lájìn, ìyẹn okùn líle tí ó ń di awọ tuntun mú. Níbi tí ọ́síjìn kò bá tó, iṣẹ́ méjèèjì yóò falẹ̀.

Ìlọsíwájú ìmọ̀ ìṣègùn wà lára ohun tí ó mú kí ìṣòro yìí gbilẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1922 ni wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ ínsúlìn ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ kú. Ínsúlìn fún àwọn aláìsàn ní ẹ̀mí gígùn, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ wọn ti ń gùn ni àrùn náà ń rí àyè ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Ní 1934, Elliott Joslin, àgbà oníṣègùn àtọ̀gbẹ ní Boston, tẹ ìkìlọ̀ jáde lórí ẹsẹ̀ tí ń kẹ̀ yìí. Àrùn náà kì í sì í ṣe ti òkèèrè nìkan. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí alátọ̀gbẹ 832 tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

3. Bí ọ́síjìn ṣe di oògùn

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ 1774, ní ilé ńlá Bowood ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Priestley fi dígí kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí ìyẹ̀fun pupa kan tí a ń rí lára mákúrì. Atẹ́gùn tí ó jáde mú kí iná àbẹ́là jó gidigidi. Scheele, ará Swídìn, ti rí atẹ́gùn yìí kan náà ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ kò tètè jáde. Lavoisier, ará Faransé, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ní 1799, Thomas Beddoes dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Bristol, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn ní oríṣìíríṣìí atẹ́gùn fà símú. Ní 1851, Gerlach fi hàn pé awọ ara pàápàá ń gba ọ́síjìn díẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́.

Ní 1960, Ite Boerema, oníṣẹ́ abẹ kan ní Amsterdam, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó ya ayé lẹ́nu. Ó yọ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ débi pé sẹ́ẹ̀lì pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn, síbẹ̀ wọ́n wà láàyè nínú yàrá onírin kan tí wọ́n ti ń mí ọ́síjìn lábẹ́ agbára tí ó tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n irú yàrá bẹ́ẹ̀ wọ́n púpọ̀. Ẹ̀wẹ̀, ọ́síjìn tí a fà símú ní láti gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kọjá kí ó tó dé ẹsẹ̀. Bí iṣan bá wá dí ńkọ́?

4. Ìdájọ́ kìíní: 1969

Boguslav Fischer, oníṣègùn kan ní New York, dábàá ọ̀nà mìíràn nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1969. Kàkà kí ó ti gbogbo ara aláìsàn mọ́ inú yàrá, ibi tí egbò wà nìkan ni ó fi àpótí ike bò, tí ó sì fẹ́ ọ́síjìn sí i lábẹ́ agbára tí ó fi díẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Ó ròyìn pé àwọn egbò tí ìtọ́jú mìíràn kò ràn bẹ̀rẹ̀ sí í jiná.

Ó yẹ kí n la ọ̀rọ̀ kan yéni níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n kọ́ ní kékeré pé kí a ṣí egbò sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ohun tí Fischer ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn. Nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn, egbò tí a bá sì ṣí sílẹ̀ yóò gbẹ. Ní 1962, George Winter fi hàn lára ẹlẹ́dẹ̀ pé ọgbẹ́ tí a bò, tí ó sì tutù, a máa hu awọ tuntun ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyára èyí tí a ṣí sílẹ̀.

Ìdájọ́ 1969 ni pé ìwòsàn náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹsẹ̀ tí a gbé sínú àpótí ń sinmi. A ń fọ egbò rẹ̀, ojú sì ń wà lára rẹ̀. Ta ni ó mọ̀ bóyá ọ́síjìn ni ó wò ó, tàbí ìsinmi? Láti 1948, nígbà tí Austin Bradford Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kèké pín àwọn oníkọ́-ife sí ọ̀nà méjì láti dán oògùn streptomycin wò, ayé ti mọ bí a ṣe lè pe ẹlẹ́jọ́ kejì. Fischer kò fi kèké pín àwọn aláìsàn tirẹ̀.

5. Ìdájọ́ kejì: 1988

Ní 1988, Leslie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi kèké pín alátọ̀gbẹ 28 sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn ni ó gba ìtọ́jú egbò tí ó yẹ. Apá kan ni ó gba ọ́síjìn kún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, egbò apá méjèèjì ti ń sàn, kò sì sí ìyàtọ̀ kan pàtó láàárín wọn. Ìdájọ́ yí padà: ọ́síjìn kò fi nǹkan kan kún un.

A gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́ méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí wọ́n rojọ́ tán. Ènìyàn 28 kéré, ọ̀sẹ̀ méjì kò sì tó fún egbò tí kì í tètè jiná. Bákan náà, egbò tí ìtọ́jú lásán ti ń wò kò lè fi ohun tí ọ́síjìn lè ṣe hàn wá. Síbẹ̀, iyèméjì ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn fi ń wo ìwòsàn yìí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Àní ní 2019, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣe ìlànà lórí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ dámọ̀ràn pé kí a má lò ó.

6. Ìdájọ́ kẹta: 2018 sí 2023

Ní 2018, Niederauer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí alátọ̀gbẹ 146. Ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè gbé kiri ni ó ń fẹ́ ọ́síjìn sábẹ́ ìdì egbò láìdáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, egbò ìdá 32.4 nínú 100 àwọn tí ó gba ọ́síjìn jiná pátápátá, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 16.7 lára àwọn ìyókù.

Ìwádìí Frykberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó jáde ní 2020, ni ó wọ̀ mí lójú jù. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìtọ́jú tí ó péye wo gbogbo aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì yọ àwọn tí egbò wọn ń yára kéré kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ́ kèké. Gbogbo aláìsàn ni ó gba ẹ̀rọ tí ó jọra lọ sílé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ apá kan kò fẹ́ ọ́síjìn. Aláìsàn kò mọ̀, oníṣègùn kò sì mọ̀. Ìṣẹ́jú 90 lóòjọ́ ni, ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nínú ènìyàn 73, egbò ìdá 41.7 nínú 100 àwọn tí ó gba ọ́síjìn jiná. Ti apá kejì jẹ́ ìdá 13.5. Nígbà tí ọdún kan pé, ó di ìdá 56 sí 27.

Ó tọ́ kí a sọ ìyókù. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ni ó náwó sí ìwádìí yìí, iye ènìyàn tí ó wọ̀ ọ́ kò sì pọ̀. Lọ́wọ́ kejì, ó ju ìdajì àwọn tí ó gba ọ́síjìn lọ tí egbò wọn kò tíì jiná ní ọ̀sẹ̀ 12. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́jọ́ kejì wà níbẹ̀, ó sì rojọ́ tán. Ní 2023, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ó ti sọ pé kí a má lò ó sọ pé a lè rò ó wò láti fi ran ìtọ́jú tí ó yẹ lọ́wọ́, bí ìtọ́jú náà nìkan bá ti kùnà, bí agbára bá sì wà láti ṣe é.

7. Ìgúnlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà, “ran ìtọ́jú lọ́wọ́.” Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ tí ó tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ní Vellore, ní ilẹ̀ Íńdíà, kí ó tó lọ sí Carville ní Amẹ́ríkà, kọ́ wa pé ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ ni ènìyàn fi ń rìn títí tí yóò fi dá egbò sí i. Ẹ̀kọ́ yìí kan náà bá ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ mu. Bí aláìsàn bá ń tẹ egbò mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, bí a kò bá gé ẹran tí ó ti kú kúrò, bí a kò bá wo iṣan tí ó dí, tí a kò sì kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, asán ni ọ́síjìn tí a ń fẹ́. Olùrànlọ́wọ́ ni ọ́síjìn. Kò lè gba ipò àwọn wọ̀nyí.

Ọdún 51 ni ó wà láàárín àpótí ike Fischer àti ìwádìí Frykberg. Kì í ṣe àìsí ìmọ̀ ni ó fa ìdádúró yẹn, nítorí pé ọ̀nà tí a fi ń gbọ́ ẹjọ́ bí ó ti yẹ ti wà nílẹ̀ láti 1948. Àwọn tí ó yára gbà gbọ́ kò rí ìdí láti pe ẹlẹ́jọ́ kejì, àwọn tí ó yára kọ̀ kò sì rí ìdí láti tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ìkánjú apá méjèèjì ni ó sọ ọ̀rọ̀ ọdún díẹ̀ di ti àádọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn ni ó sì san gbèsè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé oògùn tuntun kan wá síwájú wa, ìbáà jẹ́ láti òkèèrè tàbí láti inú igbó tiwa, kí a tó yìn ín tàbí kí a tó bú u, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé: ẹlẹ́jọ́ kejì dà, ṣé ó sì ti rojọ́ tán?