Ilé Ọtí Tó Di Ilé Ọnà

Ní 1962, òṣèré Dúró Ládipọ̀ àti òǹkọ̀wé Ulli Beier sọ ilé ọtí Ládipọ̀ ní Òṣogbo di gbàgede ọnà, Mbari Mbayo.

Nígbà tí ayàwòrán Georgina Beier ń kọ́ni níbẹ̀ ní 1964, ta ló wá? Jimoh Buraimoh, tó ń tan iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládipọ̀. Twins Seven-Seven, oníjó tó ń bá olóògùn kiri ọjà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn pé ọjà àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò lásán ni. Àwọn oníṣẹ́-ọnà náà ò dáwọ́ dúró. Ojú kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ò jọra rárá: Buraimoh ń to ìlẹ̀kẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe adé ọba, mọ́ àwòrán, Seven-Seven ń ya iwin igbó títí àyè fi tán lórí pépà.

Ní 2005, UNESCO fi oyè Oníṣẹ́-ọnà fún Àlàáfíà dá Seven-Seven lọ́lá.