Etí Méjì, Sípíkà Méjì

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ di ojú yín díẹ̀. Bí ajá bá gbó níta, ẹ ó mọ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni ó wà tàbí ọwọ́ òsì. Bí a bá ń gún iyán ní ẹ̀yìnkùlé, kò sí ẹni tí yóò wá odó lọ sí ojúde. Ta ni ó sọ fún yín? Etí ni, etí méjèèjì pọ̀. A kò dá etí méjì mọ́ wa lásán. Ọ̀rọ̀ wa lónìí ni bí àwọn ènìyàn ṣe wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi máa bá etí méjèèjì sọ̀rọ̀, àti bí ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ wọn jẹ́ nípa ibi tí ó gbé sípíkà sí nínú yàrá.

Ní ọdún 1881, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan ní ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé, láti fi ohun tí iná mànàmáná lè ṣe han aráyé. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clément Ader to àwọn ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sí iwájú ìtàgé ilé eré Opéra, ó sì fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí ilé tí àfihàn náà wà. Ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ orin yóò gbé ohun ìgbọ́ran tẹlifóònù méjì, ọ̀kan sí etí ọ̀tún, ọ̀kan sí etí òsì. Ibi kan lórí ìtàgé ni wáyà ti ọ̀tún ti wá, ibòmíràn sì ni ti òsì ti wá. Ẹnu ya àwọn tí ó gbọ́ ọ. Bí akọrin bá rìn lórí ìtàgé, wọ́n ń gbọ́ bí ó ti ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì rí i.

Kí ni ó fà á? Lord Rayleigh, ọ̀mọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1907. Bí ohùn bá ti ọwọ́ ọ̀tún wá, etí ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ dé. Orí wa yóò sì dínà díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ohùn tí ó yí dé etí òsì kò ní lágbára tó ti àkọ́kọ́. Ohùn a máa rìn tó nǹkan bíi 1,125 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, àkókò tí ó wà láàárín etí kan àti èkejì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Síbẹ̀, ọpọlọ wa ń ka ìyàtọ̀ kékeré yìí bí ẹní ka owó ẹyọ.

Ẹni tí ó wá sọ ìmọ̀ yìí di ẹ̀rọ ni Alan Blumlein. Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1903, iṣẹ́ ẹnjinníà ni ó sì ń ṣe ní iléeṣẹ́ EMI. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ wo sinimá ní ọjọ́ kan. Òṣèré ń lọ sí apá ọ̀tún àwòrán, ó ń bọ̀ wá sí apá òsì, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ohùn rẹ̀ dúró sí, nítorí pé sípíkà kan ṣoṣo ni ó ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun mọ ọ̀nà tí ohùn yóò fi máa tẹ̀lé ẹni tí ó ni ín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1931, ó kọ̀wé sí ìjọba láti gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tuntun náà. Nínú ìwé kan ṣoṣo yẹn ni ó ti ṣàlàyé bí a ó ṣe gba ohùn méjì, bí a ó ṣe fín méjèèjì sí ojú ọ̀nà kan náà lára àwo orin, àti bí a ó ṣe fi sípíkà méjì gbé wọn jáde.

Òun nìkan kọ́ ni ó ń ronú nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1933, ẹgbẹ́ olórin ńlá ti ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ń ṣeré ní ìlú wọn, àwọn èrò sì jókòó sí gbọ̀ngàn kan ní Washington, wọ́n ń gbọ́ wọn. Sípíkà mẹ́ta ni Harvey Fletcher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti iléeṣẹ́ Bell gbé sórí ìtàgé tí ó ṣófo: ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lósì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1934, Blumlein pẹ̀lú gba ohùn ẹgbẹ́ olórin tí Thomas Beecham ń darí ní Abbey Road, ní London.

Ó ṣeni láàánú pé ọkùnrin yìí kò rí èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ogun dé, wọ́n sì fi í sí iṣẹ́ ẹ̀rọ rédà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1942, ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ náà wò já lulẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ́kànlá tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Blumlein. Ọdún 1958 ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwo orin sítẹ́ríò, fífín tí wọ́n sì fín in kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ti kọ sílẹ̀ ní 1931.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Láti ọdún 1935 tí rédíò oníwáyà ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lára ògiri. Bí a bá gbé e sí ibikíbi, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni rédíógíráàmù dé, tí sípíkà méjèèjì wà nínú àpótí kan, tí bàbá sì jókòó sí òpin pálọ̀. Ọ̀tún àti òsì ti dàpọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí sípíkà wá di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ti rí ilé tí wọ́n gbé ọ̀kan lé orí èkejì, àti èyí tí ọ̀kan wà ní pálọ̀, tí ìkejì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Owó ohun méjì ni wọ́n san, ọ̀kan ni wọ́n ń gbọ́.

Ìwádìí tí Helmut Haas ṣe ní Göttingen, ní Jámánì, ní ọdún 1949 fi ìdí rẹ̀ hàn. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ti inú sípíkà méjì jáde, tí ọ̀kan fi díẹ̀ ṣáájú dé etí wa, ọ̀dọ̀ èyí tí ó ṣáájú ni a ó gbà pé gbogbo ohùn ti wá. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré tí ẹ bá fi súnmọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ ti tó láti fa akọrin kúrò láàárín.

Nítorí náà, ẹ mú okùn kan. Ẹ fi wọn àlàfo tí ó wà láàárín sípíkà ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ wá fi okùn kan náà wọn ọ̀nà láti sípíkà kọ̀ọ̀kan dé ìjókòó yín, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba bí ààrò mẹ́ta. Ẹ yí ojú sípíkà méjèèjì sí ọ̀dọ̀ yín díẹ̀. Sípíkà kékeré tí ń gbé ohùn tínrín jáde, ẹ jẹ́ kí ó ga tó etí ẹni tí ó jókòó. Ẹ má ṣe tì wọ́n mọ́ igun yàrá, nítorí pé ògiri a máa ti ohùn tí ó rinlẹ̀ padà, tí ìlù ńlá yóò fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, ní ọdún 1946, Paul Klipsch ará Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe sípíkà tí ń lo igun yàrá, ṣùgbọ́n fún igun ni ó ṣe tirẹ̀. Ẹ gbé tiyín kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta bí àyè bá wà. Bí ògiri ẹ̀gbẹ́ bá ń dá ohùn padà, ẹ fi aṣọ tí ó nípọn ta á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi orin ẹnìkan tí ń dá kọrin sí i, kí ẹ sì di ojú yín bí a ti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ akọrin náà ní àárín gbùngbùn, níbi tí kò sí sípíkà kankan, ẹ ti ṣe é bí ó ti yẹ. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ader ṣe tirẹ̀, Rayleigh ṣe tirẹ̀, Blumlein ṣe tirẹ̀ kí ó tó lọ. Èyí tí ó kù kò ju kí a gbé àga wa sí ibi tí ó tọ́.