Bàbá Aida àti Bàbá Radames: Ipò Ẹbí Nínú Ìtàn Ìfẹ́ Tó Já Sí Ikú

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, iléeṣẹ́ Disney gbé eré olórin tuntun kan sórí ìtàgé Alliance Theatre ní òpópónà Peachtree, ní ìlú Atlanta. Elaborate Lives: The Legend of Aida ni wọ́n sọ ọ́. Elton John ló ṣe orin rẹ̀, Tim Rice ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà, Heather Headley tí wọ́n bí ní Trinidad ló sì ṣe Aida. Pírámíìdì ńlá kan tí ẹ̀rọ ń gbé, tó sì ń daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà mìíràn, ni àwọn tó ń sọ ìtàn eré náà sábà máa ń mẹ́nu bà. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tó tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn Aida ti lé ní 120 ọdún kí Disney tó gbé e sórí ìtàgé, ní gbogbo àkókò yẹn Radames, ọ̀gágun tí Aida fẹ́ràn, kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò sí ará ilé kankan tó dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Eré tó ti Atlanta gbéra ló fún un ní bàbá, orí bàbá náà ni wọ́n sì di ẹrù ẹ̀bi lé. Bí a bá fi ara balẹ̀ wo àyípadà kan ṣoṣo yìí, a ó rí iṣẹ́ tí ẹbí ń ṣe nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé ẹ̀tọ́ tí ẹbí ní lórí ọmọ, ẹ̀tọ́ tí ọmọ gidi kò lè sẹ́, ló ń pa àwọn olólùfẹ́ wọ̀nyí ju ìkà ẹbí lọ.

Auguste Mariette, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń hú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀ Íjíbítì, ló la ìtàn náà sílẹ̀. Antonio Ghislanzoni fi èdè Ítálì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Giuseppe Verdi fi orin sí i, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní Cairo ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1871. Ọmọ ọba Etiópíà ni Aida, ogun ló kó o dé Íjíbítì, ó sì di ẹrú Amneris, ọmọ ọba ibẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́. Nígbà tí Radames ṣẹ́gun Etiópíà, ọba fi Amneris ta á lọ́rẹ níwájú gbogbo ìlú. Kò bi ọmọ léèrè, kò bi ọkọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn baba wa ṣe ń fi ọmọ ta ènìyàn lọ́rẹ kò nílò àlàyé: ọba yìí kò rò pé òun ń ṣe ẹnikẹ́ni níbi, oore ló ń san. Lọ́jọ́ náà gan-an, Amonasro, bàbá Aida, wà láàárín àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé. Aṣọ ọ̀gá ọmọ ogun ló wọ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọba ni òun.

Etí odò Náílì, lóru, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Aida ń dúró de Radames, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀rọ̀ dídùn ni Amonasro fi bẹ̀rẹ̀. Ó rán an létí igbó ìlú wọn, ó ní yóò padà rí ilé, yóò sì fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó bá wá: kí Aida tọ́ ọ̀nà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Íjíbítì yóò gbà wò lẹ́nu Radames. Aida kọ̀. Bàbá kò gbé ọwọ́ sókè lù ú. Ó ka bí àwọn ọ̀tá yóò ṣe jó ìlú wọn, ó pe àwọn tó ti kú sójú ogun, ó wá pe ìyá ọmọ náà tó ti di ará ọ̀run. Ó ní òun rí ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ nínú òkùnkùn, tó na apá gbígbẹ sókè lé e lórí, tó ń fi í gégùn-ún. Ìgbà tó sì sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ òun mọ́, ẹrú Fáráò ni, Aida wó lulẹ̀, ó gbà. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ pé ìyá òun gbé ọwọ́ sókè ṣépè fún òun, tí yóò dúró ṣinṣin? Amonasro kò sì purọ́ nípa ìyà tó ń jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òpùrọ́ ni, Aida ì bá kọ̀ fún un, ìtàn ì bá sì parí síbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ogun ló pa wọ́n, wọn ò rí ti ẹbí rò. Ṣùgbọ́n Radames ti lọ sógun, ó ti bọ̀, òun àti Aida ṣì wà láàyè. Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí Ramfis àti àwọn àlùfáà tó dájọ́ pé kí wọ́n sin Radames láàyè. Lóòótọ́ ni wọ́n dájọ́, àmọ́ ohun tó ti ṣẹ̀ ni wọ́n dájọ́ lé lórí. Ẹ wo ẹni tó kó gbogbo wọn jọ sí etí odò lóru ọjọ́ yẹn. Amneris wá gbàdúrà ní tẹ́ńpìlì nítorí ìgbéyàwó tí bàbá rẹ̀ ṣètò, Ramfis sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Aida dúró béèrè ọ̀nà nítorí bàbá tirẹ̀. Radames dárúkọ ọ̀nà Napata, Amonasro yọ láti ibi tó sá pamọ́ sí, Amneris àti àlùfáà sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọrẹ tí bàbá kan ta àti ẹ̀bẹ̀ tí bàbá kejì bẹ̀ ló pàdé níbẹ̀.

Bí ìtàn yìí ṣe dé Atlanta náà ní ìtumọ̀. Leontyne Price, obìnrin adúláwọ̀ olórin ọ́pẹ́rà tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí ẹni tó kọ Aida tó o ní ìgbà tirẹ̀, sọ ìtàn náà nínú ìwé ọmọdé kan ní 1990, pẹ̀lú àwòrán Leo àti Diane Dillon. Àwòrán náà gba ẹ̀bùn Coretta Scott King, tí wọ́n fi orúkọ opó Martin Luther King, tó fi Atlanta ṣe ilé, sọ. Ìwé yẹn ni Disney gbé yẹ̀ wò, tí ó sì di eré. Lẹ́yìn Atlanta, wọ́n pààrọ̀ olùdarí, wọ́n tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe, ó sì dé Broadway ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2000. Nínú eré yìí, Zoser, olórí òṣèlú Íjíbítì, ni bàbá Radames. Ó ń fi májèlé pa Fáráò díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè fẹ́ Amneris, kó sì gorí ìtẹ́. Ẹrú obìnrin kan kú ní ipò Aida nítorí àṣẹ rẹ̀. Amonasro sì fúyẹ́ gan-an: ó ní kí ọmọ òun yọ Radames kúrò lọ́kàn, kò rán an ní iṣẹ́ amí, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi sá lọ.

Mo lóye ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro láti mú ọba aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ìdè, kí a fi ṣe ẹni tó ti ọmọ rẹ̀ sínú ikú, níwájú àwọn tí wọ́n ta baba ńlá wọn kúrò lọ́dọ̀ òbí. Àánú àti ọ̀wọ̀ wà nínú ìpinnu yẹn, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Síbẹ̀, ohun tí a pàdánù tóbi. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ apààyàn kò jẹ bàbá náà ní gbèsè kankan. Bó bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa la máa yìn ín. Zoser sọ ikú àwọn olólùfẹ́ di iṣẹ́ ọ̀daràn. Amonasro ti Verdi sọ ọ́ di ohun tí kò ní ọ̀nà àbáyọ.

Ẹni tó bá fẹ́ takò mí lè mú Romeo àti Juliet wá, tí Shakespeare Tavern ń ṣe ní òpópónà Peachtree kan náà, kó ní ìkórìíra láàárín ilé méjì ló pa wọ́n. Kí ó tún eré náà kà. Capulet, bàbá Juliet, kọ́kọ́ sọ fún Paris, tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀, pé kó ní sùúrù, kó sì gba ìfọwọ́sí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ìgbà tí Tybalt, ìbátan Juliet, kú, tí Juliet ń sunkún, ni bàbá sáré fi ìgbéyàwó sí Ọjọ́bọ̀, ó ní ayọ̀ ni yóò rẹ ọmọ òun lẹ́kún. Juliet kọ̀, bàbá halẹ̀ pé òun yóò lé e jáde. Obìnrin tó fún un lọ́mú dàgbà náà gbà á nímọ̀ràn pé kó fẹ́ Paris. Nígbà tí Juliet wá díbọ́n pé òun gbà, inú bàbá dùn débi pé ó fa ìgbéyàwó padà sí Ọjọ́rú. Ọjọ́ kan tí ayọ̀ bàbá gé kúrò yìí ló mú kí ọmọ náà tètè mu oògùn tó mú un dà bí òkú, tí àkókò sì kéré fún ìránṣẹ́ àlùfáà tó fún un ní oògùn náà láti bá Romeo. Kò sí ará ilé Montague, ẹbí Romeo, kankan níbẹ̀.

Ohun kan wà tí eré Atlanta ṣe dáadáa ju ti Verdi lọ, òun sì ni Amneris. Nínú ọ́pẹ́rà Verdi, ó bẹ Radames, ó bú àwọn àlùfáà, kò rí nǹkan ṣe. Nínú eré tuntun, ipò ọmọ Fáráò ló lò láti gbà wọ́n láyè kí wọ́n sin àwọn méjèèjì sí ibojì kan. Àṣẹ ilé bàbá rẹ̀ kan náà tó fẹ́ fi í fún ọkọ ló yí padà fi ṣàánú. Èyí fi hàn pé agbára ẹbí kò fi dandan jẹ́ ti ìparun, ọwọ́ ẹni tó bá wà ló kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òṣèré àti òǹkọ̀wé Yorùbá tó wà ní Atlanta, bí ẹ bá fẹ́ gbé Aida sórí ìtàgé ní èdè wa, ẹ mú Amneris ti Disney, ṣùgbọ́n ẹ dá Amonasro padà sí etí odò. Ẹ jẹ́ kó fi orúkọ ìyá Aida bẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì sọ ọ́ di ìkà.