Iye Orúkọ Tí Òjò Dídì Ní

Ó ti di àgbọ́sọ láàárín àwọn tó ń kọ́ nípa èdè pé àwọn Inuit, ará ilẹ̀ olótùútù Kánádà àti Greenland, ní ọ̀rọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún fún òjò dídì. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Franz Boas, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn tó ti gbé láàárín wọn ní erékùṣù Baffin ní Kánádà ní 1883 sí 1884, mẹ́rin péré ló kọ sílẹ̀ ní 1911: aput ni èyí tó tẹ́ sílẹ̀, qana ni èyí tó ń já bọ́, piqsirpoq ni èyí tí atẹ́gùn ń gbá kiri, qimuqsuq sì ni èyí tí atẹ́gùn ti wọ́ jọ di òkìtì. Ohun tó ń fi yé wa ni pé ibi tí èdè kan ti ń la nǹkan sí wẹ́wẹ́, èdè mìíràn lè má là á níbẹ̀. Àwa náà kì í pe òjò, ìrì àti ọ̀sà ní omi lásán.

Benjamin Lee Whorf, onímọ̀ èdè, bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ Boas ní 1940. Nígbà tó fi di 1984, ìwé ìròyìn New York Times ti sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún. Laura Martin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn, ló tú àbùmọ́ náà palẹ̀ ní 1986, onímọ̀ èdè Geoffrey Pullum sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní 1991. Lójú tèmi, yẹ̀yẹ́ náà pọ̀ jù, nítorí kíkà gan-an ló níṣòro. Èdè Inuit a máa to àfòmọ́ lé àfòmọ́ títí odidi gbólóhùn yóò fi di ọ̀rọ̀ kan. Níbo wá ni òǹkà yóò dúró sí? Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí Igor Krupnik àti Ludger Müller-Wille tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2010, ó kéré tán 53 ni wọ́n rí nínú ẹ̀ka-èdè Inuit ti Nunavik ní Kánádà. Ọ̀kan ni matsaaruti, èyí tó rin tí wọ́n fi ń ra ẹsẹ̀ ọkọ̀ àwọ́nilẹ̀ kó lè máa yọ̀ dáadáa.

Iṣẹ́ ló ń bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti hàn jù ni ọ̀dọ̀ àwọn Sámi tó ń da réńdíà, àgbọ̀nrín ilẹ̀ olótùútù, ní àríwá Norway, Sweden àti Finland. Ole Henrik Magga, onímọ̀ èdè tí òun náà jẹ́ Sámi, kọ nípa rẹ̀ ní 2006. Pátákò ni ẹran yìí fi ń wa òjò dídì kó tó rí nǹkan jẹ nísàlẹ̀. Seaŋáš rí hóró-hóró, kò le, ẹran á wà á kọjá. Čearga ni èyí tí atẹ́gùn ti lù mọ́lẹ̀ tó fi le gbagidi. Čuohki ni yìnyín tó bo koríko fúnra rẹ̀, ebi ló sì ń mú wá: darandaran tó bá bá a nílẹ̀ ní láti kó agbo rẹ̀ lọ síbòmíràn. Guohtun wá ni orúkọ bí jíjẹ koríko lábẹ́ òjò dídì ṣe rí lápapọ̀.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Nínú Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, òjò dídì ló wà nínú Aísáyà orí kìíní, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ̀n òwú ni wọ́n lò nínú Sáàmù 51. Funfun ni wọ́n ń wá níbẹ̀, òwú sì funfun tó. Ní ilé, yìnyín ni à ń pe èyí tó bá òjò rọ̀ àti èyí tó dì nínú fìríìjì, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ní Chicago ni kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè wọ́n: èyí tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàtọ̀ sí èyí tó lẹ̀ mọ́ títì tó ń mú táyà yọ̀.