Ibùdókọ̀ Rélùwéè Abẹ́ Ilẹ̀ Baker Street ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1863 ni ilé-iṣẹ́ Metropolitan Railway bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lórí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé. Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 6, láti Paddington dé Farringdon ní Lọ́ńdọ̀nù, Baker Street sì jẹ́ ọ̀kan lára ibùdókọ̀ 7 tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Agbẹjọ́rò Charles Pearson ló ti ń rọ àwọn aláṣẹ láti ọdún pípẹ́ pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ ojú irin gba abẹ́ ilẹ̀, nítorí pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti dí títì pa. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1862, kò fojú rí ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà.

John Fowler ni ẹnjinníà iṣẹ́ náà. Wọn kò lu ihò lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn. Títì Marylebone gan-an ni wọ́n gbẹ́; wọ́n fi bíríkì mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n tẹ òrùlé bíríkì lé e bí ọrun, wọ́n sì da ilẹ̀ padà bò ó. Ọkọ̀ tí ń jó èédú ni wọ́n ń lò nígbà náà, èéfín kò sì jẹ́ kí èrò gbádùn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá ojú ihò sára ògiri, tó dagun yọ sókè sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí èéfín lè ríbi jáde, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì lè wọlé. Àwọn ojú ihò náà ṣì wà níbẹ̀ ní pèpéle 5 àti 6, àmọ́ iná mànàmáná ló ń tàn nínú wọn báyìí.

Ibùdókọ̀ yìí máa ń rú àlejò lójú. Ẹni tó bá mọ ọdún tí wọ́n kọ apá kọ̀ọ̀kan ni ètò rẹ̀ máa ń yé. Ní 1868, ẹ̀ka kan yà sí àríwá, lọ sí Swiss Cottage. Òun ló bí pèpéle 1 sí 4. Ojú irin dópin ní 1 àti 4, ṣùgbọ́n 2 àti 3 já síwájú sí àárín ìlú. Láti 1911 ni ayàwòrán ilé Charles W. Clark ti tún apá yìí kọ́, ilé ńlá Chiltern Court sì dé sórí rẹ̀ ní 1929.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀nà rélùwéè Bakerloo, tó dé ní 1906, ń gbà, ní pèpéle 8 àti 9. Nígbà tí èrò pọ̀ ju ohun tí ojú irin Metropolitan lè gbà lọ, wọ́n lu ihò tuntun fún ẹ̀ka Bakerloo kan, tó gba iṣẹ́ ọ̀nà Stanmore ní 1939. Ọ̀nà rélùwéè Jubilee jogún ẹ̀ka náà ní 1979. Pèpéle 7 àti 10 ni tirẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ nínú Bakerloo kàn máa kọjá sí òdìkejì ni, á sì wọ Jubilee. Pèpéle gbogbo jẹ́ 10, kò sí ibùdókọ̀ mìíràn nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù tó ní tó bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n tún pèpéle 5 àti 6 ṣe kí ìrísí wọn lè padà sí ti 1863. Iṣẹ́ tó yẹ kí a yìn ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, nígbà tí rélùwéè náà pé 150 ọdún, ọkọ̀ tí ń jó èédú tún gba ibẹ̀ kọjá.